Bí mo ṣe darí sínnì ìkọ́kọrẹ́ ní Ọ̀sọ̀sà

Nínú ìwé eré, ìlà kan péré ni sínnì náà, ìyẹn apá kékeré kan nínú ìtàn: "Ìyá ń se ìkọ́kọrẹ́. Ọmọ rẹ̀ wọlé." Odidi ọjọ́ kan àti ìkòkò mẹ́ta ló gbà kó tó di ìṣẹ́jú méjì nínú fíìmù. Èmi ni mo darí rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí wọ́n máa fi iṣẹ́ ìdarí lé mi lọ́wọ́ láìsí ọ̀gá kankan lẹ́yìn mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe lọ, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bọ̀ nínú iṣẹ́ yìí rò pé kí dàírẹ́kítọ̀ ṣáà ti pariwo "ákíṣọ̀n" ti tó.

Ìtàn náà kò ṣòro. Ọmọkùnrin kan ti pẹ́ ní Èkó, kò bojú wẹ̀yìn, ó wá padà dé lọ́jọ́ kan. Inú ń bí ìyá rẹ̀, àmọ́ wọn ò ní bá a jà. Oúnjẹ ni wọ́n máa sè fún un.

Ọ̀sọ̀sà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, la ti yà á, ní agboolé àwọn ìyá mi. Ìta ni ilé ìdáná ibẹ̀ ṣì wà, ààrò onígi ni, èéfín sì ti sọ àjà rẹ̀ di dúdú kirikiri. Mi ò ní purọ́, orúkọ ìlú náà wà lára ohun tó fà mí lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìlú Hubert Ògúndé, tí wọ́n bí ní 1916. Ní 1945 ni bàbá yìí dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti lo ọgbọ̀n ọdún ó lé lórí ìtàgé kó tó gbé fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Ayé, jáde ní 1979. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Ẹ wo irú àgbà ìtàgé bẹ́ẹ̀, ó ṣì wá ẹni tó mọ tinú kámẹ́rà kó wá bá a darí. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ìtàgé, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kámẹ́rà.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo gbé obì àti ọtí lọ bá olórí ẹbí, wọ́n wúre, wọ́n ní kí a máa bọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo agboolé ń pè ní Ìyá Àgbà. Mo ní kí wọ́n bá mi se ìkọ́kọrẹ́ kí n máa wò wọ́n. Mo mú aago àti ìwé dání. Wọ́n bó ewùrà, wọ́n rin ín lára agolo tí wọ́n fi ìṣó lù ní ihò, wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ pò ó. Ata, epo pupa, ẹja gbígbẹ àti edé ti ń hó lórí iná. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka gé ewùrà náà sínú ọbẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá fa igi jáde kí iná lè rọlẹ̀, wọ́n sì dé ìkòkò. Mo fẹ́ ṣí i wò. Wọ́n ní, "Má fọwọ́ kàn án o. Tó o bá rò ó báyìí, gbogbo ẹ̀ á fọ́ sómi." Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó fi ṣíbí onígi yí i jẹ́jẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti fa ìwé tí mo to àwọn ṣọ́ọ̀tì mi sí ya, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tí kámẹ́rà máa yà. Bí ìtàn ṣe lọ ni mo ṣe tò ó, ìkòkò ò sì mọ ìtàn. Ewùrà tí a rin máa ń dúdú bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i. Èyí tó bá sì ti jinná, kò sí dàírẹ́kítọ̀ tó lè sọ ọ́ di tútù padà. Ká ní mo ní kí ìyá máa gé ewùrà, kí wọ́n tún máa sọ̀rọ̀, tí a wá tún un yà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ìkòkò ìgbà kẹfà á ti kún dé ẹnu, èyí tó ṣáájú á sì wà ní ìdajì. Tí a bá wá to àwọn àwòrán náà pọ̀, ìkòkò á máa kún á máa fà lójú òǹwòran. Mo wá pín in báyìí: ìkòkò kìíní fún ṣọ́ọ̀tì gbòòrò tó ń fi gbogbo ilé ìdáná hàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, ìkòkò kejì fún ojú àti ọ̀rọ̀ ẹnu, àmọ́ a máa dé e, kó jẹ́ pé ooru nìkan là ń rí, ká lè tún ọ̀rọ̀ sọ bó ṣe wù wá, ìkòkò kẹta fún ọwọ́ nìkan.

Aago méje kọjá díẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe wo ojú mónítọ̀, mo rí i tí ògiri ń ṣẹ́jú. Gílóòbù funfun gbọọrọ kan wà lókè ilé ìdáná, kámẹ́rà wa sì wà ní àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Hertz 50 ni iná mànàmáná wa, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ní lílọ àti ní bíbọ̀ ni irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ ń mọ́lẹ̀ tó ń rẹlẹ̀, ó wá di ìgbà 100. Ojú wa ò rí i, kámẹ́rà rí i. Mo ní kí kámẹ́ràmáànù yí i sí 25, kó sì fi ṣọ́tà, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń lajú pẹ́ tó fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Ṣíṣẹ́jú náà dáwọ́ dúró. 25 yẹn náà sì ni tẹlifíṣọ̀n wa ń lò, torí náà a ò pàdánù nǹkan kan.

Àǹtí tó ṣe ìyá, orí ìtàgé ni wọ́n dàgbà sí. "O dé?" lásán tí wọ́n ní láti sọ, ẹni tó wà ní títì gbọ́ ọ. Mi ò jẹ́ jókòó sẹ́yìn kámẹ́rà kí n máa pariwo sí àgbà. Mo lọ bá wọn nídìí ààrò, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, màíkì wà lábẹ́ bùbá yín. Òun nìkan ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí èmi gbọ́." A yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣì lé. Nígbà kẹrin, wọn ò tiẹ̀ wo ọmọ náà. Wọ́n fa igi kan jáde nínú iná, wọ́n gbọn eérú orí rẹ̀ dànù, wọ́n wá ní, "O dé?" Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n fa igi. Gbogbo wa dákẹ́, mo sì gbàgbé láti sọ pé kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró.

Ọwọ́ ara mi ni àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ti wá. Èéfín ń bọ́ sí wa lójú, mo bá ní kí a gbé kámẹ́rà lọ sí òdìkejì láti ya ojú ọmọ. Ìlà kan wà tí a kì í rí, láti orí ẹnì kan dé orí ẹnì kejì. Ẹ̀gbẹ́ kan ìlà yẹn ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ dúró sí. Mo fo ìlà. Nígbà tí mo wo àwòrán méjèèjì tẹ̀ léra, apá ọ̀tún ni ìyá àti ọmọ jọ ń wò, àfi bíi pé ògiri ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìdajì wákàtí ti lọ. A gbé kámẹ́rà padà. Ìyá Àgbà ló wá bá wa yọ igi tútù tó ń ṣe èéfín kúrò, nǹkan tó yẹ kí n ti bi wọ́n láti àárọ̀.

Ìkòkò kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Àǹtí òṣèré wa, ará Òṣogbo ni wọ́n, ewùrà ń bọ́ lọ́wọ́ wọn ni. Mo ní kí Ìyá Àgbà wá fi ọwọ́ tiwọn ṣe é. A bọ́ ẹ̀gbà idẹ lọ́wọ́ Àǹtí, a fi sí Ìyá Àgbà lọ́wọ́, a ró aṣọ kan náà fún wọn. Àmọ́ agolo ìrin ti dá àpá sí wọn ní àtàǹpàkò láti ìgbà ọmọdé, ó gùn bí hóró ìrẹsì. Àwọn kan ní kí a fi páńdà bò ó. Mo kọ̀. Mo ní kí ẹni tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù ya irú rẹ̀ sí àtàǹpàkò Àǹtí. Kámẹ́rà wá sún mọ́ ọwọ́ Ìyá Àgbà débi pé ẹ ó rí ewùrà tó há sábẹ́ èékánná, ẹ ó rí i bó ṣe ń fà kó tó já bọ́ sínú epo.

Ẹ̀rọ ata kan ń dún ní ilé kejì. Mo lọ bẹ ẹni tó ni ín, ó fún wa ní ogún ìṣẹ́jú kó tó dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lóhùn. A fi gba híhó ìkòkò sílẹ̀ lọ́tọ̀, a sì gba ìṣẹ́jú kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, torí ibi kọ̀ọ̀kan ló ní ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀, ẹ́dítọ̀ á sì nílò rẹ̀ láti fi dí àlàfo.

Nígbà tí a tò ó pọ̀, mo gé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ fún ọmọ dànù. Ó dùn mí, mo ṣe wàhálà lórí wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn "O dé?", ọwọ́ yẹn ló kàn, àti híhó ọbẹ̀.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Ọ̀sọ̀sà lọ fi han Ìyá Àgbà. Wọ́n ní kí n dá a dúró níbi ọwọ́. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n gbé àtàǹpàkò wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nínú rẹ̀, àpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá, wọ́n sì pe àwọn ọmọ-ọmọ wọn pé kí wọ́n wá wò ó.