Sanitáísà tó wù wá àti àṣìṣe tí a ń ṣe pẹ̀lú rẹ̀

Bí oníṣòwò bá pàtẹ sanitáísà lọ́jà Kábbà, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé ká ṣí ìdérí, ká gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń ta sánsán, a ó rà á. Bó bá ń rùn bí ọtí líle, a ó ní ó ti le jù. Àṣìṣe gan-an nìyẹn, torí ọtí inú rẹ̀ ló ń pa kòkòrò, kì í ṣe lọ́fínńdà. Ẹ yí ìgò náà padà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "alcohol" sí. Bí kò bá tó 60 nínú 100, tàbí tí wọn ò kọ iye kankan, ẹ dá a padà fún un. Bó bá jẹ́ "methanol" lẹ rí níbẹ̀, májèlé ni.

Ní ti irú èyí tó wù yín, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹlòmíì fẹ́ràn èyí tó ki torí kì í dà nù. Ẹlòmíì fẹ́ olómi torí ó tètè ń gbẹ, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Èyí tó ń hó bí ọṣẹ náà wà. Bí ọtí inú wọn bá ti pé, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ọwọ́ yín bá gbà ni kẹ́ ẹ rà, torí èyí tí ẹ ò fẹ́ràn, inú báàgì ni yóò gbó sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni bí a ṣe ń lò ó. Torí pé èyí tó ki máa ń lẹ̀, èèyàn á fún un jáde bíi hóró ẹ̀wà kan, á fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Ẹ wo ọwọ́ náà dáadáa: àtàǹpàkò ò tíì rí nǹkan kan, àárín ìka gbẹ, abẹ́ èékánná sì wà bó ṣe wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó kún àtẹ́lẹwọ́, kí a sì máa fi ra ọwọ́ títí yóò fi gbẹ, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30. Ẹni tó ń lo olómi ní tirẹ̀ á da ìdajì sílẹ̀, á wá fi ìró nu ìyókù. Kí ló wá kù tí yóò pa kòkòrò?

Àwọn kan máa ń bu omi sí i kó lè pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí, ọtí ethanol inú rẹ̀ jẹ́ 80 nínú 100; wọ́n ti wọn omi tó yẹ kó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ògógóró náà kò lè rọ́pò rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó wọn iye ọtí inú rẹ̀.

Lásìkò kajú, pàápàá ní Ìjùmú àti Yàgbà, mo máa ń rí àwọn tó ń fi sanitáísà pa ọwọ́ tí oje èèpo kajú ti dúdú mọ́. Ìdọ̀tí lásán ló ń pò pọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ tó ní epo, iyẹ̀pẹ̀ ebè tàbí oje, ọṣẹ àti omi ló ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, torí àwọn kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru kan wà tí ọtí kò rí ṣe.

Nígbà ọyẹ́, ọwọ́ á sán, sanitáísà á sì máa ta èèyàn. Ẹ wá èyí tó ní gílísárìnì nínú. Òrí dára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti gbẹ tán ni kẹ́ ẹ tó fi í pa á.

Ẹ má sì ṣáná tàbí tan gáàsì nígbà tí ọwọ́ ṣì tutù, torí ọtí máa ń gbiná. Bí ẹ bá ra ti jálá, ẹ má rọ ọ́ sínú ike omi mímu: òùngbẹ ọmọdé kì í dúró ka ohun tí wọ́n kọ sára ike.