Àwọn àṣìṣe tó ń tán òṣìṣẹ́ tuntun lókun kí ọdún kan tó pé

Oṣù kẹjọ tí mo wọṣẹ́ àkọ́kọ́ mi l'Ékòó ni ara mi kò yá mọ́. Orí ń fọ́ mi, ara ń ro mí, oúnjẹ ń korò lẹ́nu mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ra oògùn ibà láàárín oṣù méjì. Nígbà tí mo wá lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọn ò rí ibà kankan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà mí bi mí pé, "Àbúrò mi, wákàtí mélòó lo ń sùn lóru?" Mo ní mẹ́rin. Mo ní lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń tó mẹ́fà. Ó ní kí n lọ sùn, pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ rí wákàtí méje ó kéré tán.

Látìgbà náà ni mo ti ń ṣàkíyèsí àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ agùnbánirọ̀ sílẹ̀. Òkúta tó gbún mi lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ fi ẹsẹ̀ kọ. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe kékeré: ohun tí o bá gbà mọ́ra nígbà náà, òun ni wọn yóò máa retí lọ́wọ́ rẹ títí wàá fi kúrò níbẹ̀.

Má ka wákàtí ọ́fíìsì nìkan

Àṣìṣe yìí ti máa ń ṣẹlẹ̀ kí èèyàn tó wọṣẹ́ rárá. Wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ní Victoria Island, Mọ́wé tàbí Ìkòròdú ni ilé yín wà, o wá ní, "Kò séwu, màá máa tètè jí." Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ jẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ márùn-ún, ó di 45. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gba wákàtí méjì àbọ̀ láàárọ̀, tó tún gba méjì àbọ̀ nírọ̀lẹ́, 25 mìíràn nìyẹn lọ́sẹ̀. Ó di 70, o ò sì tíì dáná, o ò tíì fọṣọ.

Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde: ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Iṣẹ́ nìkan ni wọ́n kà o, wọn ò ka dánfó mọ́ ọn.

Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ sí lẹ́tà, kọ́kọ́ dán ọ̀nà náà wò láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Má lọ dán an wò lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí títì dá. Wò ó bóyá ọkọ̀ ojú irin gba apá ọ̀dọ̀ yín: Blue Line ti ń gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marina láti ọdún 2023, Red Line láàárín Àgbádó àti Oyíǹgbò láti ọdún 2024. Bí ìwọ àti ọ̀rẹ́ méjì bá sì lè dáwó jọ gba yàrá sí Yábàá, owó ilé yóò dùn yín lóòótọ́, àmọ́ ẹ óò máa rí oorun sùn.

Má jẹ́ kí ọ̀wọ̀ àgbà sọ ọ́ di ẹni tí kì í lè béèrè ọ̀rọ̀

Ibí ni mo fẹ́ dúró lé jù. Wọ́n tọ́ wa pé bí àgbà bá pe ọmọdé, kí ó yára dáhùn. Ẹ̀kọ́ gidi ni, mi ò ní kí o pa á tì. Ṣùgbọ́n fóònù ti gbé ohùn àgbà wọ orí ibùsùn wa. Ọ̀gá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ìṣẹ́jú méjì kò tíì pé tí o ti dáhùn. O rò pé akitiyan rẹ ni yóò rí. Ohun tó rí ni pé o kì í tíì sùn ní aago mọ́kànlá. Bí o bá wá sùn lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í ṣe ìkà. Ọ̀rọ̀ kàn sọ sí wọn lọ́kàn ni, wọ́n sì tètè fi ránṣẹ́ kí wọ́n má baà gbàgbé. Ọ̀gá mi obìnrin sọ fún mi lẹ́yìn ọdún kan pé òun ò retí èsì kankan kílẹ̀ tó mọ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń fi oorun jìyà, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Tètè béèrè, kí o sì fi ọ̀wọ̀ béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lálẹ́, ṣé kí n ṣe é lójú ẹsẹ̀ ni àbí kí n fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀?" Bí iṣẹ́ méjì bá pàdé lọ́wọ́ rẹ: "Mà, ìṣirò tí ẹ ní kí n parí lónìí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe fún yín?" Kò sí àrífín nínú ìyẹn. O ò kọ iṣẹ́, ẹni tó ni iṣẹ́ lo ní kó yàn. Bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá wà lóòótọ́, bíi kí àwọn aṣàyẹ̀wò owó dé lópin ọdún, dìde kí o ṣe é. Ṣáà rí i pé alẹ́ kan ò di gbogbo alẹ́.

Àwọn ọ̀gá kan wà tí yóò bínú síbẹ̀síbẹ̀. Bó bá jẹ́ irú wọn ló bọ́ sí ọ lọ́wọ́, ṣe iṣẹ́ rẹ dáadáa, kí o sì máa wáṣẹ́ síbòmíràn ní jẹ́jẹ́. Àwọn kan á ní ojú ẹni tí yóò là á rí ìyọnu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyọnu tó ń kọ́ni níṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń jẹ ara ẹni.

Má fi owó tí kò tíì wọlé ṣèlérí

Iye tó wà nínú lẹ́tà kọ́ ni yóò wọ báǹkì. Owó orí yóò kúrò níbẹ̀, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń fi ṣírò owó ìfẹ̀yìntì yóò tún kúrò, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2014. Ṣùgbọ́n o ti ṣèlérí owó ilé ìwé fún àbúrò, o ti gba aṣọ ẹbí méjì, o ti ní wàá máa fi nǹkan ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Ìgbà tí owó ò bá tó mọ́ ni èèyàn ń wá iṣẹ́ alẹ́ kún tọ̀sán. Gba owó oṣù mẹ́ta ná, wo ohun tó ń ṣẹ́ kù, kí o tó sọ iye tí ọwọ́ rẹ ká fún màmá. Wọn yóò gbọ́. Ọ̀pọ̀ òbí ò mọ iye tí ọkọ̀ ń gbà lọ́wọ́ wa.

Sátidé náà ńkọ́? Òde kan lóṣù ti tó.

Má fi ìsinmi rẹ ṣe sàárà

Labour Act ti Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí wákàtí 24 sinmi láàárín ọjọ́ méje, àti pé bó bá ti lo oṣù 12, ó ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán fún ìsinmi tí wọn yóò sanwó fún. Àwọn afọwọ́ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni òfin náà ń sọ̀rọ̀ bá. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìmọ̀ tàbí ti àbójútó ni tìrẹ, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni kí o kà dáadáa, torí ibẹ̀ ni iye ọjọ́ ìsinmi tìrẹ wà.

Mo rò pé wọn yóò yìn mí bí n kò bá gba tèmi. Ìyá àgbà ń retí mi n'Íjẹ̀bú-Òde fún Iléyá àti Ojúde Ọba, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n dín ẹran tèmi, wọ́n gbé e pamọ́ títí ó fi le bí igi. Nígbà tó di Disẹ́ńbà, ọ́fíìsì ní ìsinmi tí èèyàn ò bá lò ti jóná. Nísinsìnyí, oṣù Jánúárì ni mo ti ń kọ ọjọ́ tèmi sílẹ̀, torí tó bá fi máa di Kẹ́sán, àwọn tó ní ọmọ nílé ìwé ti gba gbogbo ọ̀sẹ̀ tó dára tán.