Fáìlì méjì fún aláìsàn kan: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Mo wá orúkọ aláìsàn kan lórí kọ̀ǹpútà, fáìlì méjì ló jáde. Oògùn tó ń lò wà nínú ọ̀kan, àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú èkejì. Ṣé sọ́fítíwíà wa ló ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Ẹnì kan ló forúkọ aláìsàn náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bóyá nígbà tí èrò pọ̀ níwájú rẹ̀. Ó wá orúkọ náà, kò rí i, ló bá tẹ bọ́tìnnì aláìsàn tuntun. Ìdí tí kò fi rí i ni kí ẹ wádìí. Ó lè jẹ́ pé orúkọ ìdílé ni wọ́n kọ síbi orúkọ àbísọ, tàbí pé obìnrin náà ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ báyìí, tàbí pé ẹnì kan kọ 03/04 tí ẹlòmíràn sì kọ 04/03. Ẹ ṣọ́ra fún 01/01 pàápàá. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n sábà máa ń kọ fún un, tó bá sì pẹ́, èèyàn rẹpẹtẹ á di ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà. OpenMRS, ìyẹn sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tọ́jú fáìlì aláìsàn, ní àyè tí ẹ ti lè sọ pé ńṣe lẹ fojú bu ọjọ́ ìbí yẹn. Ẹ máa lò ó.

Ìbéèrè: Orúkọ tèmi wà níbẹ̀ o, mo fojú ara mi rí i. Bó ṣe wà gan-an ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, àmì ohùn rẹ̀ pé, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní kò sí.

Ìdáhùn: Èyí ti jẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi rí. Lójú tiwa, lẹ́tà kan ni ẹ́. Nínú kọ̀ǹpútà, níbi tí Unicode ti fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà tiwọn, ó lè jẹ́ ẹ (U+1EB9) tí àmì òkè (U+0301) tẹ̀ lé. Ó lè jẹ́ é (U+00E9) tí àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) tẹ̀ lé. Ó sì lè jẹ́ e lásán tí àmì méjèèjì tò sẹ́yìn rẹ̀. Unicode kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún ẹ́ lódindi. Fóònù kan á kọ ọ́ báyìí, kíbọ́ọ̀dù mìíràn á kọ ọ́ bọ́hùn-ún, ojú wa ò ní mọ ìyàtọ̀, àmọ́ nọ́ńbà ni ẹ̀rọ ń fi wé nọ́ńbà.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ da orúkọ náà kọ láti inú fáìlì, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú àpótí tẹ́ ẹ fi ń wá orúkọ. Bí ó bá jáde, tí èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ ò sì jáde, a ti rí i mú nìyẹn. Kí ẹni tó ń bójú tó sọ́fítíwíà yín máa sọ gbogbo orúkọ di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo tí Unicode là sílẹ̀ fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kó tó wọlé, kó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ sínú àpótí náà. Kó tún tọ́jú ẹ̀dà orúkọ tí kò lámì rárá, fún wíwá nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ kúkú yọ àmì kúrò lára orúkọ aláìsàn, ẹ má gbà fún un.

Ìbéèrè: Yàrá àyẹ̀wò ní àwọn ti fi àbájáde ránṣẹ́ láti àárọ̀. Dókítà ò rí nǹkan kan.

Ìdáhùn: Bí ti àwọn aláìsàn yòókù bá ń wọlé, ẹ fi nẹ́tíwọ̀kì sílẹ̀. Inú fáìlì kejì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ HL7 (ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ ilé ìwòsàn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ìlà PID ló ń sọ ẹni tó ni àbájáde: nọ́ńbà rẹ̀ wà ní PID-3, orúkọ ní PID-5, ọjọ́ ìbí ní PID-7. Nọ́ńbà tó bá wà ní PID-3 ni àbájáde ń tọ̀ lọ. Bí kò bá sẹ́ni tó ń jẹ́ nọ́ńbà yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ náà á lọ jókòó síbi tí àwọn aláìlólúwa ń jókòó sí. Ó yẹ kí ẹnì kan máa ṣí ibẹ̀ wò lójoojúmọ́.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ pa fáìlì méjèèjì pọ̀ báyìí.

Ìdáhùn: Ẹ gbọ́wọ́ kúrò ná. Tí wọ́n bá jẹ́ ìbejì ńkọ́? Orúkọ ìdílé kan, ọjọ́ ìbí kan, àdírẹ́sì kan, nọ́ńbà fóònù ìyá kan. Fáìlì méjì fún ẹnì kan ò dáa, àmọ́ fáìlì kan fún ẹni méjì lè pààyàn. Ẹ fi irú ẹ̀jẹ̀ wéra, ẹ wo iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe, kẹ́ ẹ sì bi aláìsàn fúnra rẹ̀.

Bó bá dá yín lójú, ẹ mú nọ́ńbà kan, ẹ má sì pa èkejì rẹ́: kó máa tọ́ka sí èyí tó kù. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìpapọ̀, ADT^A40, gbọ́dọ̀ dé yàrá àyẹ̀wò, ibi oògùn àti ibi àwòrán, torí bí ọ̀kan ò bá gbọ́, lọ́la ni fáìlì àtijọ́ á tún jí. Bí fáìlì kan bá ní pẹnisílínì ò bá a lára mu, tí èkejì ò sọ nǹkan kan, ìkìlọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ tọ́jú títí dókítà á fi bi í.

Ìbéèrè: Mo ti tẹ̀ ẹ́ o. Ẹni méjì ni wọ́n.

Ìdáhùn: Ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú wọn kẹ́ ẹ tó pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kí wọ́n má fi ohun tó wà nínú fáìlì yẹn kọ oògùn. Ẹ má ṣe dá gbogbo ẹ̀rọ padà sí ẹ̀dà àná, ẹ ó pa iṣẹ́ gbogbo èèyàn rẹ́. Àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣe kí ni, nígbà wo, máa ń sọ nọ́ńbà tí ohun kọ̀ọ̀kan bá wọlé. Òun lẹ ó fi yà wọ́n. Èyí tí wọ́n kọ lẹ́yìn ìpapọ̀ ló máa gba sùúrù, torí ẹni tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó kọ ọ́ fún.

Ìbéèrè: Ìpapọ̀ tèmi dáa, ẹnì kan náà ni. Àmọ́ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fò láti 6 sí 108!

Ìdáhùn: Kò fò. Òṣùwọ̀n ló yàtọ̀: fáìlì kan ń lo mmol/L, èkejì ń lo mg/dL. Fún ṣúgà, 1 mmol/L jẹ́ nǹkan bí 18 mg/dL, 6 lọ́nà 18 sì ni 108. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n tó wà ní OBX-6 (àyè òṣùwọ̀n nínú ìlà àbájáde HL7) máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ wo creatinine (èyí tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́) náà, torí 1 mg/dL tiẹ̀ jẹ́ 88.4 µmol/L.