Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe géèmù àdììtú tí kò ní pa ìtàn inú ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe géèmù tó jẹ́ pé ìtàn lèèyàn ń wá kiri inú ẹ̀, téèyàn á máa ṣílẹ̀kùn, á máa ka lẹ́tà, á máa tú àdììtú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi. Kì í ṣe pé àdììtú le ló ń lé wa nídìí géèmù. Ká ti mọ ìdáhùn tán kí géèmù ṣì há wa mọ́bẹ̀, ìyẹn ló ń bí èèyàn nínú. Ẹ fi èyí sọ́kàn nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ wo géèmù Myst tó jáde ní 1993, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an o. Ayé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Selenitic, ẹ máa wọ ọkọ̀ kékeré kan lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀nà pín sọ́tùn-ún sósì, ìró tó ń dún ní oríta ló ń sọ ibi tẹ́ ẹ máa gbà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ inú ayé mìíràn, ìyẹn Mechanical, ni wọ́n ti jẹ́ ká mọ ohun tí ìró yẹn ń sọ, bẹ́ẹ̀ géèmù ọ̀hún gbà kéèyàn kọ́kọ́ lọ síbi tó bá wù ú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Selenitic á kàn máa yí kiri nínú òkùnkùn, á lọ, á bọ̀, ọ̀rọ̀ Sirrus àti Achenar, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò inú ìtàn náà tí wọ́n há sínú ìwé, á sì ti kúrò lọ́kàn ẹ̀ pátápátá.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo àdììtú yín sórí bébà, kẹ́ ẹ fi ilà so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tí àmì ẹ̀ wà, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kéèyàn mọ ìdáhùn ẹ̀. Tí ilà kan bá gùn jù, ẹ fi àmì kejì sítòsí. Tó bá jẹ́ ìró nìkan ni àmì náà, ẹ fi nǹkan tójú lè rí kún un, torí àwọn tí kò gbọ́ran dáadáa náà ń gbá géèmù.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá bi ara yín pé ṣé ẹni inú ìtàn yìí lè ṣe báyìí lóòótọ́? Nínú géèmù Gabriel Knight 3 (1999), Gabriel tó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn fẹ́ háyà alùpùpù ní ilẹ̀ Faransé, ó wá di pé kó fi tépù lẹ irun ológbò kó fi ṣe irunmú láti díbọ́n bí ọ̀rẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ náà ò tiẹ̀ nírunmú, àfi kó tún fi máàkà ya ọ̀kan sórí fọ́tò páásípọ́ọ̀tù! Tẹ́ ẹ bá nírú ẹ̀, ẹ yọ ọ́, bó ti wù kẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ tó.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kẹ́ ẹ fún ẹni tí kò rí géèmù yín rí kó gbá a, kẹ́ ẹ jókòó tì í, ẹ má sọ̀rọ̀ rárá, ẹ ní kó máa sọ ohun tó ń rò síta. Gbàrà tó bá ní "áà, mo ti mọ̀ ọ́n," ẹ tẹ aago yín, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Tó bá ń pẹ́, ẹ wo ohun tó fà á: ṣé ìrìn ló jìnnà, ṣé ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún ń sọ fún un tí kò lè fò ó, àbí ibi tó séèfù sí, ìyẹn ibi tí géèmù ti tọ́jú ibi tó bá a dé, ló jìn? Ẹ jẹ́ kó lè sáré, kẹ́ ẹ la ọ̀nà àbùjá tó ṣí látinú, kó sì lè séèfù níbi tó bá wà.

Àwọn tó ṣe géèmù Outer Wilds (2019) mọ èyí dáadáa. Oòrùn inú ẹ̀ máa ń bú gbàù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 22, ẹ á tún bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ òfuurufú tẹ́ ẹ̀ ń wà nínú géèmù náà ò ní gbàgbé ohun tẹ́ ẹ ti rí, ó sì ń so wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ibì kan wà tí yanrìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàn kúrò kí ilé tó yọ, wọ́n wá jẹ́ kéèyàn lè sùn nídìí iná kí àkókò tètè lọ.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ìrànlọ́wọ́ síbẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ti tojú sú, ẹ jẹ́ kó jáde lẹ́nu ẹni inú ìtàn fúnra ẹ̀, kó máa kún díẹ̀díẹ̀.