Ìgbéyàwó ní Santorini: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ètò Oúnjẹ

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ìgbéyàwó wọn lọ sí Santorini, erékùṣù kékeré kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, kì í sábà ṣe àṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ aṣọ tàbí ti ayàwòrán. Aṣọ ẹbí ti máa ń dé ọ̀dọ̀ aránṣọ nígbà tí ọjọ́ ṣì jìnnà, ayàwòrán náà sì ti mọ ibi tí oòrùn yóò ti wọ̀. Oúnjẹ ni wọ́n máa ń fi sí ìkẹyìn, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé bí owó bá ti wà, ọbẹ̀ yóò dé. Àmọ́ ẹni tí ó san owó ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sọ̀ kalẹ̀ ní Áténì, olú-ìlú Gíríìsì, kí ó tó tún wọ òmíràn, kò ní gbàgbé ohun tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀. Ìdí kan náà ni púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ mẹ́nu bà ní: àwọn tí ń náwó ti kọ orúkọ oúnjẹ sílẹ̀ tán nílé kí wọ́n tó béèrè ohun tí ilẹ̀ tí wọ́n ń lọ ń mú jáde, ohun tí ó ń gbà wọlé àti ohun tí ó ń kọ̀.

Èyí tí ó máa ń dùn wọ́n jù ni ti àpótí ẹrù. Ìyá ìyàwó á lọ sí ọjà Mile 12, á ra ata rodo, ewédú, iṣu, pọ̀nmọ́, ṣàkì àti ẹ̀wà olóyin, á dì wọ́n pinpin, á sì rò pé ìṣòro oúnjẹ ti tán. Ní pápákọ̀ òfuurufú Áténì ni wọn yóò ti tú u. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí Gíríìsì wà nínú rẹ̀, kò gba ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe lọ́wọ́ arìnrìn-àjò tí ó ti Nàìjíríà wá, ìbáà ṣe gbígbẹ, ìbáà ṣe dídín. Láti ìgbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti jáde kúrò nínú àjọ náà, òfin yìí kan ẹni tí ó di tirẹ̀ láti Peckham pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2019, èso àti ewé tútù gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìjọba pé kòkòrò tàbí àrùn kò sí lára wọn, àfi àwọn èso díẹ̀ bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ti ẹ̀wà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí láti ọdún 2015 ni wọ́n ti fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, lẹ́yìn tí wọ́n bá oògùn apakòkòrò nínú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà. Ẹja gbígbẹ ni ó rí ọ̀nà kọjá, bí kò bá ti ju kìlógíráàmù 20 lọ fún ẹnì kan. Obì tútù wà lára ohun tí òfin ewéko yẹn mú, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìdílé tí ó bá fẹ́ ṣe ìdána kí ó ṣe é nílé, níwájú àwọn àgbà tí kò lè rìnrìn-àjò, kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé díẹ̀ nínú ẹrù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá yìí wà lórí àtẹ ní ọjà àwọn ará Gíríìsì fúnra wọn. Wọ́n ní ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní mavromatika, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni olójú dúdú; ẹ̀wà tí a mọ̀ náà ni, ó ṣe é bó, ó ṣe é lọ̀, ó ṣe é fi ṣe mọ́ínmọ́ín àti àkàrà. Ewébẹ̀ tí wọ́n ń pè ní vlita, èyí tí wọ́n máa ń bọ̀ ní ìgbà ooru, tí wọ́n á da òróró ólífì àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí, ẹbí tẹ̀tẹ̀ ni, ẹni tí ó bá sì mọ ẹ̀fọ́ rírò yóò mọ ohun tí òun lè fi í ṣe. Ilá pẹ̀lú wà. Bamies ni wọ́n ń pè é, kékeré ni wọ́n ti ń já a, ọtí kíkan ni wọ́n sì fi ń pa yíyọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó sè é pẹ̀lú tòmátì. Àwa tí a gbà pé ilá tí kò fà kì í ṣe ilá! Ẹ tètè sọ fún alásè wọn pé kí ó má ṣe fi ọtí kíkan kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò rò pé ojú rere ni òun ń ṣe yín.

Ohun tí ó ṣòroó rí ní erékùṣù náà ni ata rodo, epo pupa, irú, ẹ̀gúsí àti ẹ̀lùbọ́. Áténì ni kí ẹ ti wá wọn, ní àdúgbò Kypseli àti ní àyíká gbàgede Plateia Amerikis, níbi tí àwọn ará Áfíríkà, tí ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, ń gbé tí wọ́n sì ń ṣòwò. Àṣìṣe tí ó rọ̀ mọ́ èyí ni kí wọ́n fi rírà náà sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí ó ṣáájú ìgbéyàwó. Ọkọ̀ ojú omi láti Piraeus, èbúté Áténì, sí Santorini máa ń lo nǹkan bí wákàtí márùn-ún sí mẹ́jọ, atẹ́gùn líle tí wọ́n ń pè ní meltemi, tí ó máa ń fẹ́ láti àríwá ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, a sì máa dá ọkọ̀ dúró sí èbúté. Kí ẹrù náà ti wà nínú ẹ̀rọ amóhuntutù ilé ìdáná ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kì í ṣe nínú yàrá àbúrò ọkọ ìyàwó.

Àwọn mìíràn a máa ṣàṣìṣe sí òdìkejì. Wọ́n á gba ìwé oúnjẹ tí hòtẹ́ẹ̀lì fi ránṣẹ́, wọ́n á mú èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n á sì dákẹ́. Nígbà tí ó bá di alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n á gbé ọwọ́ ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ka iwájú màmá àgbà, wọ́n á tún gbé ẹran àgùntàn tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n tẹ̀ lé e, màmá á sì béèrè bóyá gáàsì ni ó tán. Kì í ṣe pé oúnjẹ wọn kò dára. Oríṣiríṣi àwo kéékèèké tí gbogbo tábìlì ń jẹ pọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, àwa sì fẹ́ àwo kan ṣoṣo tí ó kún, tí ẹran ń yọjú lórí rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní kedere pé kí ẹran jinná dáadáa, kí àwo sì jẹ́ ti olúkúlùkù.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń náwó, mo máa mú oúnjẹ Santorini tí ó jọ tiwa, mo máa gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tiwa. Fava wọn, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dáàbò bo orúkọ rẹ̀, jẹ́ ẹ̀wà pupa rúsúrúsú tí wọ́n sè títí ó fi kúnná. Gbẹ̀gìrì tí ó ki ni, àfi pé kò ní ata. Tòmátì wọn kéré, ó sì dùn, nítorí inú ilẹ̀ gbígbẹ tí òkè oníná dá sílẹ̀ ni ó ti ń hù, pẹ̀lú omi díẹ̀. Wọ́n máa ń gé e pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, ewé míǹtì àti ìyẹ̀fun, wọ́n á sì dín in nínú òróró, orúkọ rẹ̀ ni tomatokeftedes. Ẹ kó o sínú abọ́ kan pẹ̀lú àkàrà gbígbóná kí ẹ wo bí àwọn àlejò yóò ṣe máa jiyàn lórí èyí tí ó dùn jù. Ẹja odindi tí wọ́n yan, tí orí rẹ̀ wà níbẹ̀, kò nílò àlàyé kankan fún Yorùbá. Ata díndín nìkan ni kí a fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì jollof ni ó ń fa ìjà jù. Alásè hòtẹ́ẹ̀lì yóò sọ pé òun lè sè é, yóò wo fídíò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì gbé ìrẹsì pupa tí ó ń rùn bí ewé oregano wá. Ẹ má ṣe gbà á. Bí owó bá lè gbé e, ẹ mú alásè tiyín dání, ṣùgbọ́n kí ó ti wà nínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó san owó ìdúró pé wọn yóò gbà á láàyè nínú ilé ìdáná wọn, nítorí púpọ̀ nínú wọn kì í gba àjèjì wọlé, àwọn mìíràn sì máa ń gba owó lé e. Ẹni tí ó bá sì ń retí òórùn èéfín igi nínú jollof náà, kí ó mú sùúrù. Láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún títí di 31 oṣù Kẹwàá ni àsìkò ìṣọ́ra fún iná igbó ní ilẹ̀ Gíríìsì, òfin kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dáná igi ní gbangba. Gáàsì ni yóò ṣe é, kí alásè jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ìkòkò jó díẹ̀.

Nínú ẹbí Yorùbá kan náà ni Alájì àti díákónì ti ń jókòó, ìdí nìyí tí àìbéèrè fi léwu. Souvlaki, ẹran tí wọ́n gún mọ́ igi bíi súyà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é ní Gíríìsì, wáìnì sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ tí kò hàn lójú. Kíkọ àkọlé sí iwájú abọ́ kò tó. Kí ẹ pàṣẹ ẹran tí wọ́n pa ní ìlànà Ìsìláàmù láti Áténì fún gbogbo ènìyàn, kí ọkàn gbogbo tábìlì lè balẹ̀.

Wíwọ̀ oòrùn tí ó mú wọn lọ sí Santorini ni ó tún ń fi ebi pa àlejò wọn. Ní oṣù Keje, ó ń lọ bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bí wọ́n bá so yìgì ní aago méje, tí wọ́n lo wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún fọ́tò, aago mẹ́wàá ni ìrẹsì yóò kan tábìlì, nígbà tí bàbá tí ó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà ti ń gbọ̀n. Kí ìpápánu gidi, bí púfúpúfù, mọ́ínmọ́ín kéékèèké àti ẹja díndín, ti máa yí ká láti aago mẹ́fà. Atẹ́gùn tún wà ńbẹ̀: iná kékeré tí wọ́n máa ń tàn sábẹ́ abọ́ oúnjẹ kì í pẹ́ kú ní ẹ̀gbẹ́ òkè, nítorí náà kí wọ́n máa gbé oúnjẹ jáde látinú ilé ìdáná ní àwo kọ̀ọ̀kan.

Ní Oia àti Imerovigli, abúlé méjì ní Santorini, àtẹ̀gùn òkúta ló pọ̀ jù, mọ́tò kì í dé ibi púpọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé ìkòkò. Àmàlà kò bá irú ibẹ̀ lọ rárá. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ní ilé tí ẹ háyà, nígbà tí àwọn àlejò ti bọ́ aṣọ ńlá, tí ọwọ́ lè wọ abọ́. Omi ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í ṣe mímu, kí ẹ sì ka omi inú ike mọ́ ìnáwó fún gbogbo ọjọ́ tí ẹ máa lò, nítorí àlejò tí ó lo ọjọ́ mẹ́rin yóò jẹun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ètò tí ó mọ sí alẹ́ ìgbéyàwó nìkan kò tíì pé.

Ní ti iye ènìyàn, orí àwo ni wọ́n ń ka owó lé níbẹ̀, ibi ìnáwó náà sì níye ènìyàn tí ó lè gbà. Mo-gbọ́-mo-yà láti Áténì kò ní rí àga, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n kí wọ́n má ṣe ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀bùn ni ó kù. Abọ́ oníke tí a tẹ orúkọ tọkọtaya sí wúwo nínú àpótí, púpọ̀ nínú wọn ni àwọn àlejò máa ń fi sílẹ̀ sínú yàrá. Àwọn ará Gíríìsì náà ń pín ẹ̀bùn níbi ìgbéyàwó wọn: álímọ́ńdì tí wọ́n fi ṣúgà bò, tí wọ́n ń pè ní koufeta, tí wọ́n dì sínú aṣọ funfun kékeré, tí iye rẹ̀ kì í sì í ṣe é pín sí méjì dọ́gba. Ó fúyẹ́, ó ṣe é fi sínú pọ́ọ̀sì, ẹ sì lè fún aránṣọ ní gígé aṣọ ẹbí tí ó ṣẹ́kù kí ó fi rán àpò rẹ̀.