Bí A Ṣe Ń Tún Ríìngì Sítátà Tó Ti Jẹ Ṣe Lára Katakata Àtijọ́

Bí sítátà katakata àtijọ́ bá ń dún bí irin tó ń ha irin láì gbé ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n tó gbé e lẹ́yìn tí a fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀, ó ṣeé ṣe gan-an pé eyín ríìngì tó yí fúláìwíìlì (irin róbótó wúwo tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì) ká ló ti jẹ. Kì í jẹ kárí. Afẹ́fẹ́ tí písítìnì ń fún pọ̀ ló ń dá ẹ́ńjìnnì dúró nígbà tí a bá pa á, nítorí náà àwọn ibi kan náà ló sábà máa ń dúró sí: ibi méjì tó dojú kọra lórí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4, ibi mẹ́ta lórí onísílíńdà 3 tàbí 6. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kò yẹ kí a sáré ra ríìngì tuntun. Bí eyín kankan kò bá tíì kán, ṣíṣí èyí tó wà níbẹ̀ nípò lè tó.

Ẹ yọ wáyà bátìrì, kí ẹ sì fi igi tó lágbára gbé ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó yà wọ́n, nítorí àárín wọn ni fúláìwíìlì wà. Jáàkì nìkan kò tó, nítorí ó lè yọ̀ kó sì pa ènìyàn. Ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sàmì sí ipò fúláìwíìlì kí ẹ tó tú u.

Ẹ yára fi iná yí ríìngì ká kí fúláìwíìlì tó gbóná, kí ẹ máa fi òòlù àti irin bàbà lù ú káàkiri títí yóò fi bọ́. Ẹ nu ìjókòó rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Níbi dídá a padà ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Ẹ yí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin àyíká fún onísílíńdà 4, ìdá kan nínú mẹ́fà fún onísílíńdà 3 tàbí 6, kí ẹ sì rí i pé igun eyín tí wọ́n gé dànù kọjú sí ibi tí eyín sítátà ti ń wọlé. Ẹ mú un gbóná dé nǹkan bíi 220 digírì Celsius, nínú ààrò bí ó bá ṣeé ṣe. Bí iná ọwọ́ lẹ ní, ẹ ha ojú kan lára rẹ̀ kó máa dán, kí ẹ sì dáwọ́ dúró nígbà tó bá pọ́n bíi koríko gbígbẹ. Bí ó bá di búlúù, líle eyín náà ti ń lọ. Ẹ gbé e sí ìjókòó rẹ̀ kíákíá, kí ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe da omi sí i láé.

Ẹ yẹ eyín sítátà wò pẹ̀lú, nítorí bí òun náà bá ti jẹ, yóò tún ba ibi tuntun náà jẹ́. Nígbà tí fúláìwíìlì bá ti padà sí ojú àmì rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí i ká kí ẹ wò ó bóyá ríìngì náà ń mì, kí ẹ tó so gíábọ́ọ̀sì padà.