Nígbà tí Agogo Ilé-Ìwé Kò Lù Mọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kì í pa fídíò ẹ̀kọ́ kankan jẹ, síbẹ̀ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ kì í dé lásìkò. Ṣé ọ̀lẹ ni?

Ìdáhùn: Èmi kò ní tètè pè é ní ọ̀lẹ. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, agogo ń lù, olùkọ́ ń wo ojú akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ó jókòó tì í sì ń rán an létí pé ọ̀la ni iṣẹ́ yóò wọlé. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun nìkan ni gbogbo èyí já lé léjìká, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti ń ṣe é. Ẹ jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan, kí ó ṣí ojú ewé kọ́ọ̀sì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ gbogbo gbèdéke sórí kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo, kí tirẹ̀ fi ọjọ́ 2 ṣáájú ti ilé-ìwé.

Ẹ tún wo bí ó ṣe ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Lórí Moodle, ìkànnì tí ilé-ìwé fi ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí olùkọ́ bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbígbé fáìlì sókè nìkan kò tó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá tẹ bọ́tìnì ìfiránṣẹ́, “Draft” (èyí ni pé a kò tíì fi í ránṣẹ́) ni yóò ṣì wà lára iṣẹ́ náà, òun yóò sì ti lọ sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ìbéèrè: Ó wo fídíò wákàtí kan tán, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì kò rántí nǹkan kan.

Ìdáhùn: Bí ẹni ń wo eré ni ó ṣe wò ó. Ní ọdún 1885, Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ará Jámánì tí ó fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, tẹ ìwé jáde tí ó fi hàn pé láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ohun tí a há sórí ń yára jò dànù jù. Kí ó máa dá fídíò dúró ní ìṣẹ́jú 10-10, kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ ní gbólóhùn 3 láìwo ibì kankan. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró ni kí ó padà lọ wò.

Ìbéèrè: Ṣé kí n máa kàn sí i lójoojúmọ́?

Ìdáhùn: Ní ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé òun ni yóò ṣí kàlẹ́ńdà náà hàn yín. Bí gbèdéke kan bá fò ó, ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí yín, kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tí iṣẹ́ náà yóò dé.